Oṣù Mẹ́rìnlá Tí Mo Fi Lo Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Amúnáwá ní Òkè-Àrò

Lára ẹ̀rọ tí mo rà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ti jáde, wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ 400W síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè fún mi, tí apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó, mo wọlé lọ wo ojú kọntirólà, àpótí tó ń darí iná láti ara ẹ̀rọ lọ sínú bátìrì, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni 5W. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un wò. 5W náà ni. Gílóòbù kan ṣoṣo tó tàn sí yàrá náà ń jẹ 7W.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síwájú ilé mi ní Òkè-Àrò, ní Àkúrẹ́ níbí, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti inú firisa kékeré kan. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí iná. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Jẹnẹrétọ̀ mi kì í sì í fún mi ju yúnìtì kan àti díẹ̀ lọ lórí lítà kan. Yúnìtì tí mò ń wí yìí ni èyí tí gbogbo wa ń rà sínú mítà: 1,000W fún wákàtí kan gbáko. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́ nígbà náà ń ra yúnìtì kan ní nǹkan bíi 900 náírà, kó tó kan owó ọ́ìlì, owó pọ́lọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì.

Ìlà iná àdúgbò wa kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí owó yúnìtì wọn fò láti 68 náírà sí 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kí wọ́n tó rọra fà á wálẹ̀ sí bíi 209. Tiwa dínwó ju ìyẹn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń dé, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń lọ, mi ò sì lè fi iná bẹ́ẹ̀ dá ọjọ́ fún oníbàárà tó fẹ́ gba ìwé rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán.

Pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì ti wà lórí òrùlé mi kí n tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí ojú ọ̀run máa ń ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, tí bátìrì kì í sì í kún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ ní òpópónà Ọba Adéṣidà fetí sí ẹjọ́ mi títí mo fi rò ó tán, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Màmá, òrùn a máa wọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í sùn.”

“Ṣé afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ yìí náà, ọmọ mi?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Orí òkè kúkú lẹ wà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, mo sì sanwó. Ẹ̀rọ pẹ̀lú kọntirólà rẹ̀ jẹ́ 385,000 náírà. Páìpù, wáyà, sìmẹ́ńtì àti owó iṣẹ́ jẹ́ 140,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 525,000. N kò ní purọ́ mọ́ àwọn tó wá ṣe é: wọ́n dé ní àkókò tí wọ́n dá, wọ́n kí mi bó ti yẹ, wọ́n gbá ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, wọ́n sì fi wáyà mẹ́ta fa páìpù tí ẹ̀rọ náà dúró lé lórí le ṣinṣin. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú; fún oṣù mẹ́rìnlá, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣòro láti kọ, nítorí pé nǹkan tó dára ni mo rà síbi tí kò yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdí tí 400 fi di 5. Iye tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kì í ṣe iye tí yóò máa mú wá lójoojúmọ́. Iye tí yóò mú wá ni bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré dé ìwọ̀n kan tí àwọn tó ṣe é yàn fúnra wọn. Nínú ìwé pélébé tó bá tèmi wá, mítà 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n yàn. Ìyẹn tó kìlómítà 43 láàárín wákàtí kan: bí ẹ bá jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tó ń sáré lójú títì tó já geere, tí ẹ sì na ọwọ́ síta, irú afẹ́fẹ́ tí yóò máa gbá yín lọ́wọ́ nìyẹn. Èyí tó ń fẹ́ lórí òrùlé mi lọ́pọ̀ ọjọ́ kì í ju mítà méjì sí mẹ́ta lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rọra wa kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọjà.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé bí eré afẹ́fẹ́ bá bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, iná náà yóò bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kó ṣẹ́ ku 100W. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré náà bá bọ́ sí ìdajì, agbára yóò bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ wá fi ẹ̀rọ mi ṣírò rẹ̀: 400W ní mítà 12, 50W ní mítà 6, 6W àti díẹ̀ ní mítà 3. Bó bá ti wá sílẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ, apá rẹ̀ lè máa yí kí ó sì dùn ún wò lójú, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun tó ń wọ inú bátìrì. Àwọn tó ń kọjá lójú títì máa ń yìn mí nígbà náà pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu iná.

Nígbà tí mo ń ráhùn kiri, olùtajà mìíràn fẹ́ ta irú èyí tó dúró lóòró bí ìlù fún mi, ó ní gbogbo agbára inú afẹ́fẹ́ pátá ni tòun ń gbà. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Albert Betz, ti fi ìṣirò hàn láti ọdún 1919 pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè gbà ju ìdá 59 àti díẹ̀ nínú 100 lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́, yóò sì dínà mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtajà náà, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn oṣù kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA yá ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́ wá fún mi. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń gun òrùlé lọ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó sì ń kọ ohun tó rí sínú ìwé ìdánwò àtijọ́ kan: 2.1, 1.8, 2.6, 0.9, 2.4. Ohun tó yẹ kí n ṣe kí n tó sanwó ni mò ń ṣe lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kò mẹ́nu kàn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ní kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fi ó kéré tán mítà 10 ga ju ohunkóhun tó wà ní nǹkan bíi mítà 150 yí i ká, nítorí pé òrùlé àti igi a máa fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, tí yóò máa lọ́ síbí, lọ́ sọ́hùn-ún, láìní ìdojúkọ kan. Páìpù tèmi jẹ́ mítà 6, igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ẹnìkejì mi sì ga jù ú lọ. Àtilọ gbé òpó tó tó bẹ́ẹ̀ dúró ní àárín àdúgbò tí ilé fún mọ́ra bíi tiwa yóò ná mi ju owó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, mo rò pé nǹkan yóò yí padà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ekuru wọlé, ètè ń là, aṣọ ń gbẹ lórí okùn kí èèyàn tó da omi ìfọṣọ nù. Síbẹ̀, ohun tí kọntirólà ń fi hàn kì í ju 10W tàbí 15W lọ, àfi ní àárọ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Èyí tó fẹ́ ní Òkè-Àrò kò tó ìyẹn ṣe.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà ni alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì. Apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá lójú, ó di òbìrí funfun kan ṣoṣo, ó sì ń ké bí ẹni tó fẹ́ fò lọ. Mo sáré wọlé: 190W, 265W, 372W. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí kọntirólà fi kó ẹ̀rọ náà ní ìjánu kí ó má baà já, ojú rẹ̀ sì padà sí òdo. Ní òwúrọ̀, ọ̀kan nínú wáyà tó fa páìpù náà ti dẹ̀. Bàbá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ewu òru o. Ṣé ọkọ̀ òfuurufú lẹ rà ni?” N kò rí èsì fọ̀, mo kàn kúnlẹ̀ kí i.

Ní òpin oṣù kẹrìnlá, àpapọ̀ tí kọntirólà kọ sílẹ̀ jẹ́ yúnìtì 31. Firisa mi ń jẹ tó yúnìtì kan lójúmọ́, èyí já sí pé iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá kò ju oúnjẹ firisa fún oṣù kan lọ. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 400W sí lára bá ṣe 400W láìsinmi fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, yúnìtì tó lé ní 4,000 ni ìbá mú wá. Tèmi kò mú ìdá kan nínú 100 rẹ̀ wá. Bí ó bá lo ọdún 15 láìbàjẹ́, tí ó sì ń ṣe báyìí lọ, yúnìtì bíi 400 ni yóò jẹ́. Ẹ pín 525,000 náírà sí 400: yúnìtì kan ju 1,300 náírà lọ. Ó wọ́n ju ti jẹnẹrétọ̀ tí mò ń sá fún, mi ò sì tíì fi owó bátìrì kún un.

Sólà náà ní ìṣirò tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa sọ ọ́ tán. Pánẹ́ẹ̀lì méjì oní-450W, pẹ̀lú kọntirólà àti wáyà wọn, ná mi ní 330,000, bátìrì méjì, 640,000, ìnfátà, 350,000. Mò ń rí nǹkan bíi yúnìtì 800 lò láti inú rẹ̀ lọ́dún. Bí a bá gbà pé pánẹ́ẹ̀lì yóò lo ọdún 20, ìnfátà ọdún 7, bátìrì ọdún 4, yúnìtì kan já sí ohun tó lé díẹ̀ ní 280 náírà. Nínú iye yìí, bíi 20 náírà péré ni ti pánẹ́ẹ̀lì. 200 jẹ́ ti bátìrì. Òrùn kò wọ́n. Fífi iná pamọ́ di alẹ́ ló wọ́n. Ẹni tó bá lè ṣe iṣẹ́ tó ń jẹ iná ní ọ̀sán, tí kò sì fi firisa sórí bátìrì ní òru, yóò fi owó tó pọ̀ pamọ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀: mo ń jẹ́ kí omi dì gan-an kí òrùn tó wọ̀, mo wá ń pa firisa náà ní aago méje.

Ṣé irọ́ wá ni pé iná afẹ́fẹ́ dínwó bí? Irọ́ kọ́. Àjọ àgbáyé IRENA, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí iná oòrùn, ti afẹ́fẹ́ àti ti omi, sọ pé ní ọdún 2023, yúnìtì kan láti inú àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńláńlá tuntun tó wà lórí ilẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 3.3 owó Amẹ́ríkà ní ìpíndọ́gba. Ti sólà ńláńlá jẹ́ 4.4, ti odò tí wọ́n dí jẹ́ 5.7. Ní ọdún 2010, ti afẹ́fẹ́ ṣì ju sẹ́ǹtì 10 lọ, ti sólà sì ju 40 lọ. Òótọ́ ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí apá rẹ̀ kan gùn ju ilé alájà púpọ̀ lọ, tó dúró lórí òpó tó lé ní mítà 100, ní ibi tí wọ́n ti fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọn afẹ́fẹ́, ni wọ́n ń sọ. Apá tèmi kò gùn ju sẹ̀ntímítà 65 lọ. Bí gígùn apá bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tí yóò máa gbà yóò di ìlọ́po mẹ́rin; ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kì í fi í jẹ irú èrè tí ẹ̀rọ ńlá ń jẹ, kódà níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ní Kenya, lẹ́bàá adágún Turkana, ẹ̀rọ 365 ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 310 (mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ 1,000,000W), iná wọn sì ti ń wọ ẹ̀ka iná orílẹ̀-èdè náà, ìyẹn àwọn wáyà ńláńlá tó ń pín iná káàkiri, láti ọdún 2018. Eré afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa ju mítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi ìlànà ìlọ́po mẹ́jọ yẹn wò ó, ẹ óo rí i pé ayé wọn àti tiwa kò jọra. Nílé wa níbí, Àríwá ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé lò pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbé ẹ̀rọ 37 lọ sí Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílówáàtì 275 (275,000W), bíi mẹ́gáwáàtì 10 lápapọ̀. Iṣẹ́ náà fi ọ̀pọ̀ ọdún falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bóyá iná ṣeé gbára lé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà níbi tó dára máa ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí wọ́n kọ sí i lára wá láàárín ọdún. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà ń mú ju ìdá 90 nínú 100 wá, ọ̀sán àti òru. Denmark ń rí ju ìdajì iná rẹ̀ lọ láti inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, wáyà ńláńlá wà tó so ó mọ́ Norway, níbi tí omi ti kún inú ìsédò wọn, àti mọ́ Sweden àti Jámánì. Èmi kò ní Norway kankan lẹ́yìn ilé mi. Bátìrì mi ni Norway mi, ẹ sì ti rí iye tí ó ń jẹ.

Iná gáàsì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé níbi tí wáyà kò bá ti dé. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, apá tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀ nìkan tó mẹ́gáwáàtì 335, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa, lágbègbè kan náà, fi ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ wà nínú òkùnkùn. Ní ọdún 2024 nìkan, ẹ̀ka iná orílẹ̀-èdè dà lulẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, tí omi ń bẹ ní Káínjì, tí gáàsì ń bẹ nínú ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé irú iná kan ṣeé gbára lé tí òmíràn kò sì ṣeé gbára lé, ẹ bi í pé láti ibo dé ibo.

Bí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, níbi tí igi àti òrùlé yí yín ká, ẹ má ra ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi owó rẹ̀ kún bátìrì, tàbí kí ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì kan sí i kún èyí tó wà. Pánẹ́ẹ̀lì kẹta tí mo rà ní oṣù tó kọjá ní 125,000 ti mú ju yúnìtì 31 wá, láàárín oṣù kan, nínú kùrukùru. Bí ẹ bá wà ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí kò sí ohun tó dí afẹ́fẹ́ òkun lọ́nà, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bá yín wọn ọ́n fún oṣù díẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí irin ẹ̀rọ náà yóò ṣe fara da iyọ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi, mo padà lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó pẹ́, kò sì bá mi jiyàn. Wọ́n kọ̀ láti dá owó padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò gba ẹ̀rọ náà ní 150,000, pé oníbàárà kan láti Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ, ń béèrè irú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá tú u ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n sì fún ẹni náà ní ìwé yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Páìpù ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mú lọ. Mo ti bá rẹ́wáyà sọ̀rọ̀ pé kí ó so gílóòbù ìta mọ́ orí rẹ̀, kí ojú ọ̀nà Bàbá iwájú wa lè máa mọ́lẹ̀ lóru.